Labalábá Tí Ẹnìkan Ṣoṣo Rí

"Mo ní ẹ bọ́ bàtà yẹn, Màmá! Ẹ bọ́ ọ! Ọkọ̀ tó fẹ́ wá kó ẹrù, aago méjì ló máa dé, ẹ wá ń so okùn bàtà bí ẹni tó ń lọ sógun!"

"Ogun náà ni. Sún sẹ́yìn, má dí mi lọ́nà."

"Pẹ̀lú orúnkún wo? Ṣé orúnkún tó gbé yín ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá, àbí ẹ ti lọ ra òmíràn?"

"Nọ́ọ̀sì, tí o bá ti pariwo tán, bá mi mú ìwé yẹn lórí àpótí."

Nọ́ọ̀sì ni ìyá ń pe ọmọ yìí láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun ilé ìwòsàn. Ẹ má rò pé ìyìn ni. Àṣẹ tí ọmọ náà ń pa láti àárọ̀ dalẹ́ ló fa orúkọ: ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ gbé oògùn mì, ẹ má jókòó sójú afẹ́fẹ́. Ìyá fúnra rẹ̀, Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Aránṣọ ni, ó lé ní ogójì ọdún tó fi jókòó ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé torí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, ẹnu ìyá náà kò tíì gún olúwarẹ̀ rí ni.

Ilé ti ṣófo. Wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹ̀rọ ìránṣọ, okùn yí i ká lọ́nà mẹ́ta. Níbi tí wọ́n gbé àwòrán ìgbéyàwó kọ́ sí láti ọdún gbọọrọ, ògiri funfun ju ibi tó kù lọ, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awò. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ onílé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ ọmọ ni ìyá máa sùn, nínú ìlú ńlá, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, ilé tí Abẹ́rẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì ní kannakánná ló yẹ kó háyà rẹ̀.

"Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ lọ wò nínú oòrùn yìí? Òdòdó? Òdòdó wà nílùú. Wọ́n gbìn ín yí ilé ìwòsàn wa ká."

"Èyí tí wọ́n gbìn, wọ́n fipá mú un dúró síbẹ̀ ni. Èyí tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá ni mo fẹ́ lọ kí."

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Abẹ́rẹ́ dáwọ́ okùn bàtà dúró. "Labalábá Ẹlẹ́wù-aró," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ yìí ló máa ń jáde. Kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú ọdún. Tí mo bá ti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ yẹn lónìí, ta ló máa gbé mi padà wá síbí lọ́dún tó ń bọ̀? Mo fẹ́ kó wọ inú ìwé bàbá ẹ kí n tó lọ. Òun nìkan ló kù."

Nọ́ọ̀sì fa apá ẹ̀wù sókè. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Tó bá ti di aago méjìlá, ibi tí a bá wà la ti máa padà."

"Tó bá di méjìlá, kí o gbé mi pọ̀n. Mo pọ̀n ẹ́ fún ọdún méjì gbáko, mi ò gba ọpẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ. Mú ìwé."

Ìwé tí wọ́n ń wí yìí, ọkọ Abẹ́rẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ dì í. Atẹ̀wé ni ọkùnrin náà. Etí bébà tí wọ́n bá gé sọ nù ní ilé ìtẹ̀wé ló ń ṣà jọ tó fi ṣe é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi rin ọ̀nà etí odò kan náà ní gbogbo ìgbà ooru, tí wọ́n ń wá òdòdó ìgbẹ́, labalábá àti ẹyẹ. Wọn kì í já òdòdó, wọn kì í mú labalábá. Wọ́n á rí i, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á máa lọ. Òfin kan péré ló wà, ibi iṣẹ́ ni Atẹ̀wé sì ti mú un wá, nítorí níbẹ̀, ojú ẹnìkan ṣoṣo kọ́ ló ń ka ìwé kó tó wọ ẹ̀rọ. Ó ní ohun tí ojú ẹnìkan rí, àṣìṣe lè wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ojú ẹni kejì bá bá a pàdé ló tó di òótọ́. Nítorí náà, tí wọ́n bá kọ orúkọ nǹkan tán, Atẹ̀wé á ti àtàǹpàkò bọ íńkì, á tẹ̀ ẹ́ sí etí ewé. Abẹ́rẹ́ á fa abẹ́rẹ́ yọ láti etí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, á fi òwú pupa rán ojú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ọkọ rẹ̀. Oòrùn ọjọ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ kí àmì méjèèjì tó pé.

Bí ẹ bá ṣí ìwé náà, dúdú àti pupa ni ẹ máa rí, méjì méjì, láti ewé àkọ́kọ́ dé òpin. Àfi ojú ewé kan. Níbẹ̀, Atẹ̀wé kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹlẹ́wù-aró, ìdí òkúta, ibi tí odò ti yà. Ìka rẹ̀ wà níbẹ̀. Òwú kò sí. Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, Atẹ̀wé kú, ojú ewé náà sì wà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó ń fi òòlù bá ilẹ̀kùn ọkọ̀ jà, wọ́n kọjá ilé ẹlẹ́ja tí ológbò mẹ́rin ń ṣọ́ bí ọlọ́pàá, wọ́n sì dé orí afárá níbi tí ilé ti tán tí pápá ti bẹ̀rẹ̀. Orúnkún Abẹ́rẹ́ ń dùn ún wọnú egungun, ṣùgbọ́n ó di eyín mọ́ ọn. Kò níí jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì rí ohun wí.

"Àdàbà méjì," ó ní. "Lórí wáyà iná."

"Mo rí wọn."

"Ojú méjèèjì lo fi rí wọn, àbí ọ̀kan? Mo rí i pé fóònù ti mú ọ̀kan."

Nọ́ọ̀sì ti fóònù bọ àpò. Lábẹ́ afárá, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti mọ ìtẹ́ mọ́ òkúta, amọ̀ lórí amọ̀, àwọn ọmọ wọn ń yọ orí jáde.

"Mẹ́fà," Nọ́ọ̀sì ní.

"Méje. Wo ìtẹ́ ẹ̀yìn yẹn."

"Ẹ̀n, méje."

"Ṣé o rí i ni, àbí o kàn fẹ́ ká tètè máa lọ?"

"Mo rí i, Màmá. Ó jọ yín gan-an. Ẹnu ẹ̀ ò pa dé."

Ẹ̀rín gbọn Abẹ́rẹ́ débi pé ó di irin afárá mú. Kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òtútù. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ méje, ó fi báírò fa igi kan sí etí ewé níbi tí ìka bàbá rẹ̀ ì bá wà, ìyá sì rán òwú tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igi báírò yẹn tín-ín-rín. Abẹ́rẹ́ wò ó títí, ó sì yáa pa ìwé dé.

Ọ̀nà etí odò gbẹ, ó ń ta èéfín eruku. Òdòdó wà káàkiri. Kò sí èyí tí wọ́n mọ orúkọ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ìwé ń pè é nínú gbogbo wọn, orúkọ ilé ni wọ́n sọ wọ́n. Bọ́tìnnì ni èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa ẹyin, tó rí roboto. Kómà ni èyí pupa tó tẹ orí ba. Atẹ̀wé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ó dà bí àmì tí wọ́n ń fi sáàárín ọ̀rọ̀. Àwọn labalábá funfun kéékèèké tó ń fò ní méjì méjì, Ìyàwó ni tiwọn. Nọ́ọ̀sì rántí gbogbo wọn. Ìyá kò retí rẹ̀. Ọmọ yìí ti ń sá fún ìrìn yìí láti ìgbà tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jágbe mọ́ àgbà pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ẹ̀gún kan fa apá ẹ̀wù Nọ́ọ̀sì, ó dún fàà.

"Labalábá tó bá dìgbò lẹ́gùn-ún," Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, èmi kì í ṣe labalábá."

"Mo mọ̀. Labalábá kì í kùn tó báyìí. Mú apá wá." Ó sì rán an níbẹ̀, lójú ọ̀nà, ojú mẹ́rin, ó fi eyín já òwú. Bó ṣe di apá ọmọ mú, ó rí i pé ọwọ́ náà ti le, ó ti wú láti inú fífọ tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ nígbà gbogbo nílé ìwòsàn. Ọwọ́ yìí ló wẹ Atẹ̀wé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́rẹ́ fẹ́ sọ nǹkan kan. Ohun tó jáde ni: "O ti rù jù. Kí lò ń jẹ nínú ìtẹ́ kannakánná yẹn?"

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ìyá gbé sínú, torí ó wúwo ju orúnkún lọ.

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn wọn, aṣọ ìyàwó kan wà lórí tábìlì Abẹ́rẹ́. Sátíìnì funfun, ó ti rán an tán, ó ku bọ́tìnnì ẹ̀yìn. Atẹ̀wé wọlé láti ibi iṣẹ́ òru, oorun lójú, íńkì lọ́wọ́. Ó rí etí aṣọ funfun, ó rò pé àkísà tí ìyàwó òun máa ń fi sílẹ̀ fún òun ni. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí i. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá! Nígbà tí Abẹ́rẹ́ figbe ta, ọkùnrin náà wo ohun tó ṣe, ẹ̀rù bà á, ó sì ṣe ohun tí ọkùnrin máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá bà á: ó dá àpárá. Ó ní, "Ó mà jọ Kómà." Ojú Abẹ́rẹ́ pọ́n. Wọ́n ṣì lọ rìn, nítorí wọn kì í fo ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n bí ògiri méjì ni wọ́n ṣe ń rìn.

Wọ́n dé ìdí òkúta. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò kan máa ń hù níbẹ̀, kò sí níbòmíràn ní gbogbo etí odò. Bí wọ́n ṣe dúró, labalábá kan bà lé e. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó ṣí apá. Ó búlúù bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Láti ìgbà tí Atẹ̀wé ti ń kọ́ṣẹ́, tó ti tẹ àwòrán rẹ̀ sínú ìwé kan, tí ọ̀gá rẹ̀ sì sọ pé irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo agbègbè yìí, ló ti ń wá a. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n bí ti ọmọdé. "Aránṣọ mi, ṣé o rí i? Ṣé o rí i?"

Abẹ́rẹ́ rí i. Ó rí i ju bí ọkọ rẹ̀ ti rí i lọ, nítorí ojú aránṣọ kì í wo nǹkan lásán. Ó rí ìṣẹ́tí funfun tó yí apá náà ká, ó rí ìlà dúdú tínrín tó wà nínú ìṣẹ́tí náà bí ojú ẹ̀rọ, ó rí ẹ̀kán aláwọ̀ ọsàn méjì ní ìsàlẹ̀. Ó ká gbogbo rẹ̀ sórí. Ó sì ní:

"Mi ò rí nǹkan kan. Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni tí ẹ bàjẹ́ ni mò ń rí."

Kò ní in lọ́kàn pé kó pẹ́. Ó fẹ́ kó dun ọkùnrin náà títí di ìgbà oúnjẹ alẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, ìyá ìyàwó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí aṣọ, ó kígbe, àdúgbò pé jọ. Ìgbà tí wọ́n fi máa tú ká, oòrùn ti wọ̀. Ọjọ́ ti pa dé. Lọ́jọ́ kejì, ojú ti Abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ojú tì í pé ojú ti òun lọ́jọ́ kejì tí òun kò sọ ọ́. Irọ́ ò yàtọ̀ sí ojú rírán tó já: tí o kò bá tètè dì í, o máa rìn títí, o máa ṣàdédé rí i pé apá ẹ̀wù ti kúrò lára ẹ̀wù.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni Atẹ̀wé ń mú un wá sí ìdí òkúta yẹn. Ọkùnrin náà á jókòó. Á lo bí ìdajì wákàtí níbẹ̀. Á wo koríko, á wo ìyàwó rẹ̀, á tún wo koríko. Abẹ́rẹ́ á tú búrẹ́dì jáde, á máa sọ ìtàn oníbàárà rẹ̀ kan tó sanra láàárín ìwọ̀n àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ó ń rí i pé ọkọ òun ń wá labalábá náà, ó sì ń dùn ún bí ẹ̀gún inú ẹran. Ó ti pinnu pé ọjọ́ tó bá tún bà lé òdòdó, òun ni òun máa kọ́kọ́ pariwo. Kò tún bà lé e mọ́. Atẹ̀wé sì lọ.

Ohun tó ń wá lónìí nìyẹn, pẹ̀lú orúnkún kan àbọ̀: kí labalábá náà jáde, kí ojú òun àti ojú ọmọ rí i, kó wọ ìwé, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi tí odò ti yà, wọ́n pàdé ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìgékoríko kọ́ èjìká, koríko lẹ̀ mọ́ ọn lára títí dé irùngbọ̀n.

"Ẹ kú àtìjọ́, Ìyá Aránṣọ. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá."

"O ṣeun, Agékoríko. O kú oòrùn. O dà bí ewúrẹ́ tó bọ́ sínú oúnjẹ rẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin náà ń lọ sí ìdí òkúta ni? Ọjọ́ Ẹtì ni mo gé e."

Abẹ́rẹ́ dúró. "O gé kí ni?"

"Gbogbo etí odò, Màmá. Bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ní kí n gé e lọ́dọọdún nìyẹn. Bàbá ló máa ń wá bá mi nílé, á ní, 'Jọ̀ọ́ ọmọ mi, bá mi fo ìdí òkúta yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì.' Èmi náà á sì fò ó, mà á ṣe bí ẹni tí kò ríran dáadáa. Lọ́dún yìí, mo dúró, mo dúró. Ẹnikẹ́ni ò wá." Ó wo ojú ìyá, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, Màmá. Ẹ má bínú."

"Kí lo ṣe tí mo fẹ́ bínú? Máa lọ. Ìyàwó ẹ ń retí ẹ, fọ irùngbọ̀n kó tó rí ẹ."

Ó sọ ọ́ ketekete, pẹ̀lú àwàdà rẹ̀ tó pé. Nọ́ọ̀sì nìkan ló rí i pé ọwọ́ ìyá ń wá nǹkan tó máa dì mú. Ó na apá sí i. Ìyá di apá náà mú, kò sì jẹ́ kó lọ mọ́ títí wọ́n fi dé ibẹ̀.

Òkúta wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ti di pẹrẹsẹ bí orí tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò náà wà nílẹ̀ lára koríko gbígbẹ, ó ti rọ, ó ti pọ́n bí tíì tó ṣá. Abẹ́rẹ́ jókòó sórí òkúta. Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀. Wọ́n ń wò.

Ìyàwó méjì fò kọjá. Àkókó kan ń gbá igi kọ́kọ́kọ́ ní òdìkejì odò. Nǹkan kan tàn lójú oòrùn, Abẹ́rẹ́ fò dìde tó gbàgbé orúnkún: "Òun nìyẹn! Nọ́ọ̀sì, òun nìyẹn!"

"Ike ni, Màmá. Ike súìtì."

Ike ni lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ gbé e bọ́ sínú odò.

Aago mọ́kànlá àbọ̀. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ohun tó ní kí labalábá wá sórí tábìlì tí wọ́n ti palẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ mọ́.

"Màmá," Nọ́ọ̀sì ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ṣí ìwé."

"Kí la fẹ́ kọ?"

"Ṣí i. Ojú ewé ti bàbá ẹ. Fa igi rẹ síbẹ̀. Sọ pé ìwọ rí i."

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ẹni pé ó ti ń ṣe àìsàn. "Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn? Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo wà. Mi ò sí nílé."

"Ta ló máa bi ẹ́ léèrè?"

"Èmi ni mo máa bi ara mi! Ẹ̀yin àti Bàbá lẹ lù mí nígbà tí mo pé ọdún méje nítorí pé mo ní mo rí àṣá tí mi ò rí. Ẹ ní ìwé yìí kì í gba irọ́. Ẹ̀yin fúnra yín, Màmá!"

"Ọmọ ọdún méje ni ẹ́ nígbà náà. O ti dàgbà báyìí, o ti lẹ́tọ̀ọ́ sí díẹ̀."

"Mi ò kọ ọ́. Kí ló tiẹ̀ dé tí ẹ fi ń lé labalábá kan kiri bí onígbèsè? Ẹ ò rí i lọ́jọ́ náà, ẹ ò rí i. Kí ló burú níbẹ̀? Bàbá ò torí ìyẹn bá yín jà."

"Mo rí i."

Àkókó dákẹ́ ní òdìkejì odò.

"Mo rí i," Abẹ́rẹ́ ní. "Lórí òdòdó yìí. Ó ní ìṣẹ́tí funfun, ó ní ìlà dúdú nínú. Bàbá ẹ fi íńkì ba aṣọ ìyàwó jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, inú bí mi, mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mo fẹ́ sọ ọ́ lálẹ́. Mi ò sọ ọ́ lálẹ́. Mi ò sì sọ ọ́ mọ́." Ó na ọwọ́. "Mú ìwé wá. N kò nílò igi rẹ. Ojú méjì ló rí i, ojú tèmi àti ojú tiẹ̀, ìka tiẹ̀ ti wà níbẹ̀. Oòrùn ọjọ́ náà ti wọ̀, mo mọ̀. Kó wọ̀ lọ."

Ó fa abẹ́rẹ́ yọ. Ó fi ètè tọ́ òwú pupa, ó nawọ́ rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ sá fún un lẹ́ẹ̀kan, ó sá fún un lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin tó ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn láti ọmọ ogún ọdún. Nọ́ọ̀sì kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wọlé. Ó rán ojú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka dúdú náà, ó dì í nídìí, ó fi eyín já a. Ó fi ọwọ́ pa ojú ewé náà bí ẹni tó ń pa aṣọ tó ká.

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́.

"Ohun kan ṣoṣo ló ń tù mí nínú," ó ní. "Kò mọ̀. Mo pa irọ́ fún un, mo gbà, ṣùgbọ́n ó kú láìmọ̀ pé mo pa á. Ó rò pé mi ò rí i lóòótọ́ ni. Mo bá a jẹun lọ́dún mẹ́jọ lórí ẹ̀, kò hàn lójú mi lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́run bá mi bò ó mọ́lẹ̀."

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó gbọn koríko kúrò lára yẹ̀rì rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n títí, koríko ti tán, ó ṣì ń gbọ̀n ọ́n.

"Màmá, Bàbá mọ̀."

"Kí ló mọ̀?"

"Lọ́jọ́ tí mò ń fọ ọwọ́ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì ló sọ fún mi. Ó ní lẹ́yìn tí òun ti rí labalábá yẹn, òun ò wò ó mọ́, ojú yín ni òun ń wò, torí òun fẹ́ rí bí inú yín ṣe máa dùn. Ó rí i bí ojú yín ṣe tẹ̀ lé e láti orí òdòdó títí dé òkè odò. Ó ní kí n má sọ, pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín." Ó gbé ojú sókè. "Kì í ṣe labalábá ló ń jókòó dè nídìí òkúta yìí lọ́dọọdún, Màmá. Ẹ̀yin ló ń dúró dè."